Orógùn Sẹ̀mó Kọ́ Ni Ẹ Ó Fi Ro Àmàlà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú lọ́sẹ̀ yìí kò ju gbólóhùn kan lọ: "Díẹ̀ kò lè pa á." Àwọn tó ń gbàlejò ló ń sọ ọ́ nípa ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan àlìkámà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ìjà tí mo ń bá sẹ̀mó jà, bó ṣe fẹ́ẹ́ lé iyán kúrò lóde ìsìnkú ní Òsì níbí. Ìjà tòní kì í ṣe ti adùn. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ: bí àìsàn náà ṣe rí, ibi tí olóúnjẹ ti ń ṣàṣìṣe, àti ohun tó yẹ kó ṣe.

Gluten ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun àlìkámà máa fà. Ó wà nínú bàálì náà. Bí ẹni tó ní àìsàn celiac bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á gbógun ti ìfun ara rẹ̀, oúnjẹ kò sì ní ṣe é lóore mọ́. Ọmọdé á rù, kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ̀jẹ̀ kò ní tó lára àgbà. Ìyàn tó mú ní Netherlands láàárín 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ló túbọ̀ jẹ́ kó dá Dókítà Willem Dicke lójú pé àlìkámà ló ń fà á. Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni. Rárá o. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 1999 bá a lára àwọn ọmọ Sahrawi, ará Áfíríkà bíi tiwa nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ju ibikíbi tí wọ́n ti wò ó lọ: ó lé ní ọmọ 5 nínú 100.

Díẹ̀ wo wá ni wọ́n ń wí? Ìwádìí mìíràn ní 2007 fi hàn pé gluten mìlígíráàmù 50 lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta, tó láti ba ìfun àwọn tó ní àìsàn náà jẹ́. Bíbẹ́ búrẹ́dì kan ní gluten tó gíráàmù 2. Ẹ gé bíbẹ́ kan ṣoṣo yẹn sí ọ̀nà 40: ẹyọ kan níbẹ̀ lójúmọ́ ti tó ṣe iṣẹ́ ibi. Ẹ wá wo ilé ìdáná wa. Orógùn tí sẹ̀mó, tí í ṣe àlìkámà, gbẹ mọ́ létí ni wọ́n fi ń ro àmàlà. Òróró tí wọ́n fi dín pọ́fùpọ́fù oníyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n ń da dùńdú sí. Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ àlìkámà ni wọ́n ń da gbodo sí, ẹlùbọ́ a sì gbé ìyẹ̀fun ẹlòmíì wálé. Ẹ má sọ fún mi pé iná ti pa á. Gluten kì í ṣe kòkòrò, dídín àti sísè kò ràn án.

Wọ́n á ní ìṣefínfín ni, pé àlejò tó ń béèrè nípa ìkòkò ń fura sí wa. Kí ló dé tí a kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún Mùsùlùmí? Ní Kwara yìí, ta ni í fi ṣíbí ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bu ọbẹ̀ fún Àlhájì, kó ní díẹ̀ ni? Olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ẹ̀rí, kò sì sí ẹni tó ń ní kó tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tó. A mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A kàn kọ̀ láti ka ti aláìsàn sí èèwọ̀ ni, èyí tó jẹ́ pé ìfun rẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀. Kò gba owó, kò gba ìkòkò tuntun: ẹ fọ orógùn, ẹ ro àmàlà rẹ̀ kí ẹ tó ro sẹ̀mó, ẹ dín dùńdú rẹ̀ nínú òróró tuntun kí pọ́fùpọ́fù tó wọ̀ ọ́.

Ẹrù yìí kì í ṣe ti àlejò. Bó bá bi yín pé òróró wo lẹ fi dín in, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òótọ́ fún un, bó bá sì dáhùn pé á gba ibi ire, ẹ má bínú sí i.