Ọ̀sẹ̀ Tí Ó Kángun sí Ìsinmi

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń lọ sí ìparí ní Àjàṣẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti ń ka iye ọjọ́ tí ó kù kí ilé-ẹ̀kọ́ tó gba ìsinmi, àwa òbí a máa rò pé iṣẹ́ ti tán nínú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù. Àwọn ọmọ CI ṣì ń tọ ipa lẹ́tà lórí síléètì. Àwọn ọmọ CM2, tí ìdánwò CEP ń dúró dè ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́, ń ṣe ìṣirò lé ìṣirò. Àwọn olùkọ́ ń yẹ ìwé wò títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a wọ kíláàsì CE1 kan tí kò jìnnà sí ọjà Ouando. Àpèkọ ni wọ́n ń ṣe lédè Faransé. Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà « été » sí ojú pátákó, ó ní kí wọ́n má gbàgbé àmì méjèèjì. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: « Maître, ṣé irú àmì tí ó wà nínú ìwé Yorùbá bàbá mi àgbà náà nìyí? » Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀, ó ní ìbéèrè yìí tóbi ju àpèkọ lọ.

Òótọ́ ni ó sọ. Nínú èdè Faransé, àmì orí lẹ́tà e ń sọ bí a ó ti la ẹnu tó: é sún mọ́ e tiwa, è sì sún mọ́ ẹ. Nínú Yorùbá, ohùn ni àmì orí ń sọ, bóyá ó lọ sókè tàbí ó lọ sísàlẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ ni ó ń sọ bí ẹnu ti là tó. Ètè wà ní ẹnu wa, ète wà nínú ọkàn wa, ẹ̀tẹ̀ sì ni àrùn tí ẹnikẹ́ni kò gbàdúrà fún. Ọmọ tí ó bá fi ojú Faransé nìkan ka ètè, ẹ̀tẹ̀ ni yóò pè é.

Àwọn àgbà ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 fìdí àmì ìsàlẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé Yorùbá. Ní 1975, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè wa gba álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ìbílẹ̀, èyí tí ó ń kọ ɛ dípò ẹ àti ɔ dípò ọ. Ọ̀nà méjèèjì dára. Èyí tí kò dára ni kí ọmọ má mọ ọ̀kankan nínú wọn.

Láyé ìjọba Faransé, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé a máa gbé ohun kan tí wọ́n ń pè ní « signal » kọ́ ọrùn, títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. A ti bọ́ signal kúrò lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa fúnra wa bá ń bá ọmọ wí nínú ilé pé kí ó sọ Faransé, ta ni ó tún gbé e kọ́ ọ lọ́rùn? A mọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń gba máàkì púpọ̀ nínú àpèkọ, tí wọn kò lè kọ « Ẹ kú àárọ̀, ìyá àgbà » sórí ìwé.

Ìsinmi ni ìdajì kejì ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà wọn ní Kétu àti Sakété. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ ní kálàmù, ìyá àgbà ní àlọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà pa á, kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ó sì kà á fún un padà. Bí ó bá ṣi ohùn pè, ìyá àgbà yóò tún un ṣe, bí kò tilẹ̀ mọ ìwé.

Kí agogo tó lù, olùkọ́ náà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rọ̀ kan láti ilé wá ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, pẹ̀lú àmì rẹ̀, ní èdè tí wọ́n bá ń sọ nílé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tiwa padà lọ́wọ́ òfo.