Òpó Ni Àtíbàbà, Kì Í Ṣe Aṣọ

Nígbà tí oṣù Ẹrẹ́nà bá ti wọlé ní Kánò, ní Sókótó tàbí ní Máídúgùrí, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé oòrùn ń mú. Láti ìgbà náà títí di oṣù Èbìbí, ìwọ̀n ooru a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ọ̀sán, inú yàrá a sì máa gbóná bí inú ààrò. Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ẹbí ń sá sí. Ibẹ̀ ni ìyá ti ń dáná, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ka ìwé, ibẹ̀ náà sì ni baba ti ń gba àlejò lẹ́yìn ìrun alaasari tàbí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ìlú wọ̀nyí ti ta aṣọ ìbòji sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ohun tí ó yẹ kí ó yani lẹ́nu ni irú òpó tí ọ̀pọ̀ nínú wọn so aṣọ náà mọ́.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́ àtíbàbà, aṣọ ni ó kọ́kọ́ ń lọ rà. Yóò lọ sí ọjà, yóò fi ọwọ́ tẹ aṣọ náà wò, yóò yan àwọ̀ tí ó bá wù ú, yóò sì ná an títí tí ẹnu yóò fi kò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan òpó, owó ti tán lápò. Nígbà náà ni yóò wá máa wo àyíká ilé: ọparun tí ó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti kun ilé, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí káfíńtà fi sílẹ̀, páìpù omi tí ó ti dípẹtà. Wọn a gbẹ́ ihò tí kò jìn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, wọn a ki òkúta àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù bọ̀ ọ́, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn a ní ó ti dúró. Òótọ́ ni pé ó dúró. Ṣùgbọ́n dídúró ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé òpó lágbára. Ọwọ̀ tí a gbé ti ògiri náà dúró ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ètò náà ni ó dorí kodò. Aṣọ ni ohun tí a lè pààrọ̀. Òpó ni ohun tí ó yẹ kí ó wà pẹ́. Aṣọ tí ó dára jùlọ, oòrùn yóò jẹ ẹ́ ní ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n òpó tí a yàn dáadáa tí a sì rì dáadáa lè lo aṣọ mẹ́ta gbó. Bí aṣọ bá ya, ìyẹn kò ju kí olúwarẹ̀ jókòó sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí òpó bá wó, orí ọmọ ẹlòmíràn ni ó lè bá. Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìjì: kì í bèèrè bóyá ìkómọ ni wọ́n ń ṣe lábẹ́ àtíbàbà kí ó tó dé.

Ó yẹ kí ènìyàn mọ agbára ohun tí òpó ń bá jà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré ní ìwọ̀n kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ẹrù tí ó ń gbé lé aṣọ tí ó kọjú sí i tó nǹkan bí kìlógíráàmù 12 lórí ìwọ̀n mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú. Bí eré afẹ́fẹ́ náà bá di ìlọ́po méjì, ẹrù náà kò di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dà. Nítorí náà, bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá dé pẹ̀lú eré kìlómítà 100, tí ó sì kọlu tapólì tí ó jẹ́ mítà 4 ní gígùn àti mítà 4 ní ìbú, ohun tí ó ń fa òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè súnmọ́ kìlógíráàmù 750. Bí ẹni tí ó so àpò sìmẹ́ńtì 15 mọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, tí ó sì ń mì wọ́n jìgìjìgì. Kò sí ọparun tí a rì ní ìgbọ̀nwọ́ kan tí yóò gba èyí.

Ṣùgbọ́n ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rì òpó yẹpẹrẹ kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jáde lẹ́nu wọn nígbàkígbà tí ẹnìkan bá bá wọn wí: “Kí ni mo fẹ́ fi òpó gidi ṣe? Mi ò ní pẹ́ lọ sílé.” Baba tí ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ti lo ọdún 30 ní Sábóńgàrí. Ibẹ̀ ni ó bí ọmọ márùn-ún sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka ìwé, èdè Haúsá sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju ẹ̀ka-èdè ìlú baba wọn lọ. Síbẹ̀, ohun gbogbo tí ó wà láyìíká rẹ̀ ni ó jẹ́ ti ẹni tí yóò di ẹrù ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko lóòótọ́, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó gbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lóko ọdún 30 gbọ́dọ̀ ní ahéré tí kò ní wó lé e lórí kí ó tó padà wálé. Àwọn ọmọ tí ń ṣeré lábẹ́ àtíbàbà náà kò mọ ọjọ́ tí baba wọn fẹ́ padà sílé. Òní ni wọ́n mọ̀.

Kí wá ni ó yẹ kí olúwarẹ̀ ṣe? Èkíní ni kí ó yan òpó kí ó tó yan aṣọ. Bí ó bá jẹ́ igi ni agbára rẹ̀ ká, kí ó wá àyin, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní marke, tàbí apá, tàbí tííkì tí ó ti gbó. Igi wọ̀nyí le, ikán kì í sì í tètè rí wọn gbé ṣe. Kí ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 5 tàbí 6, kí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ọparun dára fún kíkun ilé àti fún ìnáwó ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ kò bá a lára mu; láàárín ọdún kan sí méjì, ikán àti ọ̀rinrin yóò ti sọ ìdí rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Bí ó bá jẹ́ irin ni, kí ó ra páìpù tí wọ́n ti fi síńkì bò kí ó má baà dípẹtà, tí ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 3, tí ara rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 4. Kí jórinjórin fi irin pelebe dí orí rẹ̀ pa, nítorí òjò tí ó bá ń wọ inú páìpù láti òkè ni yóò jẹ ẹ́ láti inú wá, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i títí di ọjọ́ tí yóò ṣẹ́.

Èkejì ni jíjìn ihò. Ìwọ̀n tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń lò kò ṣòro: bí òpó yóò bá yọ ní ẹsẹ̀ bàtà 9 sókè, kí ẹsẹ̀ bàtà 3 ó kéré tán wà nínú ilẹ̀. Kí ihò náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn díẹ̀ sí i, kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ìdí òpó sì dúró lórí òkúta náà kí omi lè máa rí ọ̀nà sá lọ. Òpó igi tí wọ́n fi kankéré ká mọ́ láti ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé e sínú ife yóò kàn jókòó sínú omi, yóò sì jẹrà ni. Sìmẹ́ńtì korobá kan, yanrìn korobá méjì àti òkúta korobá mẹ́rin ni àpòpọ̀ tí ó yẹ; ihò róbótó kan yóò gba nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì kan. Kí wọ́n jẹ́ kí orí kankéré náà rìn sókè díẹ̀ ní ìdí òpó kí omi lè máa ṣàn kúrò lára rẹ̀.

Èkẹta ni ohun tí ọ̀pọ̀ mọlémọlé pàápàá kì í ṣe. Òpó àtíbàbà kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán. Aṣọ tí a fà le yóò máa fà á wọ inú lójoojúmọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ó ti fẹ̀yìn díẹ̀ kí wọ́n tó so aṣọ mọ́ ọn. Bí ó bá yọ ní ẹsẹ̀ bàtà 9, kí orí rẹ̀ fi nǹkan bí íǹṣì 9 yẹ̀ sẹ́yìn ju ìdí rẹ̀ lọ, ní ìdojúkọ ibi tí aṣọ yóò ti máa fà á. Bí wọ́n bá ti da kankéré tán, kí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, kí wọ́n máa bu omi sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì so aṣọ mọ́ òpó náà títí ọjọ́ 7 yóò fi pé. Ọ̀pọ̀ òpó ni ó ti yẹ̀ ní ìdí kí ìjì kankan tó dé, nítorí pé àárọ̀ ni wọ́n rì í, tí wọ́n sì ta aṣọ sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ilẹ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀ Kánò àti ti Máídúgùrí kún fún yanrìn, ihò ibẹ̀ sì gbọdọ̀ jìn, kí ó sì fẹ̀ ju bí ó ti yẹ níbòmíràn lọ. Amọ̀ dúdú tí ó wà ní agbègbè Gombe àti Numan a máa wú nígbà òjò, a sì máa sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ihò kò bá kọjá ibi tí ilẹ̀ ti ń sán, yóò máa ti òpó sọ́tùn-ún sósì lọ́dọọdún. Àwọn tí ń gbé ní Warri tàbí Port Harcourt mọ̀ pé omi ni ń sun nínú ihò. Kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sí àárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí òpó bá ti dúró, ọgbọ́n kan ṣì kù. Kí òpó méjì tí ó dojú kọ ara wọn ní igun ga, kí méjì yòókù kúrú jù wọ́n lọ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta. Aṣọ náà yóò lọ́ díẹ̀, omi òjò kò ní dúró lórí rẹ̀, kò sì ní máa gbọn pẹẹrẹpẹ. Aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá sì sàn fún ẹ̀yìnkùlé ju tapólì lọ, nítorí tapólì kò mọ̀ ju kí ó gba gbogbo ìjì sí àyà lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn kì í ṣe onílé, pé kí ni àwọn fẹ́ fi òpó tí a rì mọ́ ilẹ̀ onílé ṣe. Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, ó sì ní ìdáhùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Lẹ́yìn náà, dípò kí wọ́n rì òpó fúnra rẹ̀, kí wọ́n rì páìpù kúkúrú tí ó fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ sínú kankéré, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣí sórí òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n wá ki òpó bọ inú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó lọ, tàbí ọjọ́ tí wọ́n bá ń padà sílé lóòótọ́, wọn yóò fa òpó wọn yọ, wọn yóò sì gbé e lọ. Ẹni tí ó ń ronú ilé lè tipa báyìí rì òpó tí ó dúró gbọnin-gbọnin.

Ohun tí kò dára rárá ni síso aṣọ mọ́ ògiri amọ̀, mọ́ ọgbà aládùúgbò tàbí mọ́ òpó iná mànàmáná. Ògiri tí wọ́n kọ́ láti dúró kò mọ bí wọ́n ṣe ń farada fífà. Ìjà tí ó sì máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àlejò àti onílùú nígbà tí ọgbà bá wó kì í tètè parí.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó òpó mẹ́rin, kí ó ṣe àtíbàbà kékeré olópòó mẹ́ta, kí òpó náà sì jẹ́ gidi. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kí ó gbin dóńgóyárò. Ní ọdún díẹ̀, yóò ní ìbòji tí kò béèrè sìmẹ́ńtì. Ẹni tí ó bá sì ti ní tirẹ̀, kí ó máa fetí sí ìkéde NiMet, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe àyẹ̀wò ojú ọjọ́, kí ó máa tú aṣọ sílẹ̀ nígbà tí ìjì bá ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni títú aṣọ gbà.

Igi tí yóò gúnni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé lẹ́yìn odi lọ sí ẹ̀yìnkùlé wọn nírọ̀lẹ́ òní, kí wọ́n fi ọwọ́ mi òpó wọn wò. Èyí tí ó bá mì lọ́wọ́ ènìyàn kò ní dúró de ìjì.