Ìrànlọ́wọ́ Tí Ó Ní Láádá àti Ìrànlọ́wọ́ Tí Ó Jẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ọpẹ́ àti ẹyìn ni fún Allāh, Ọba tí ó ni ìmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọ̀là Rẹ̀ ó máa bá Ànábì Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo àwọn tí ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Nínú Sūratul-Mā'idah, āyah 2, Allāh (SWT) pa àwọn onígbàgbọ́ láṣẹ láti máa ran ara wọn lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ rere àti ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ó sì kọ̀ fún wọn láti gbá ara wọn lẹ́yìn lórí ẹ̀ṣẹ̀. Wáàsí lórí āyah yìí sábà máa ń dá lórí owó, ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ àdúgbò. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó dé ibi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama gbé forí korí lé ìṣirò kẹ́mísírì. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni apá méjèèjì āyah náà ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìbéèrè kan tí ó wọ́pọ̀ nìyí: bí a bá sun gíráàmù 2.5 calcium carbonate títí ó fi tú ká tán, báwo ni gáàsì carbon dioxide tí yóò jáde yóò ti pọ̀ tó ní s.t.p.? Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ "0.56 dm³" sí orí bébà kékeré, kí ó sì tì í sí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òmíràn lè jókòó ti ọ̀rẹ́ tirẹ̀, kí ó fi hàn án pé móólù kan calcium carbonate wọn gíráàmù 100. Pé bí a bá fi 100 pín 2.5, yóò ku 0.025, pé móólù kan rẹ̀ ń mú móólù kan gáàsì jáde, àti pé móólù kan gáàsì ń gba àyè 22.4 dm³ ní s.t.p. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé bírò lé e lọ́wọ́ pé kí ó parí ìyókù fúnra rẹ̀. Èsì kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ṣùgbọ́n bí olùdánwò bá yí 2.5 padà sí 4, inú òkùnkùn ni ọ̀rẹ́ ẹni àkọ́kọ́ wà. Fìtílà wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹni kejì.

Àwọn òbí kan ṣì ń wo kẹ́mísírì bí ẹ̀kọ́ òyìnbó tí kò kan ẹ̀sìn. Orúkọ rẹ̀ gan-an tako wọn, nítorí inú "al-kīmiyā'" ti èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Láti inú èdè náà ni "álíkálì" ti wá pẹ̀lú: "al-qalī", èyí tí í ṣe eérú ewéko. Àwọn ìyá tí ń fi omi eérú èèpo kòkó se ọṣẹ dúdú, álíkálì ni wọ́n ń lò. Abū Bakr ar-Rāzī, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 925, kò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Nínú ìwé rẹ̀, Kitāb al-Asrār, ó to àwọn ohun tí ó ń lò lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ṣàlàyé irinṣẹ́ àti ọ̀nà tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọ́n ń fi ìmọ̀ pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà gba ipò kìíní mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n rántí pé Ànábì (SAW) ṣèlérí ìyà iná fún ẹni tí a bi léèrè ìmọ̀ tí ó sì fi í pamọ́. Àwọn mìíràn ń pe jíjíwèé wò ní àánú. Kì í ṣe àánú. Ìrẹ́jẹ ni, Ànábì (SAW) sì ti sọ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára àwọn Mùsùlùmí. Nínú ìdánwò aláfọwọ́ṣe, níbi tí a ti ń kán ásíìdì láti inú burette sínú álíkálì títí àwọ̀ yóò fi yí padà, kò sí ẹni tí ó lè yá ojú ẹlòmíràn lò.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ìwé ẹ̀rí. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn olómi kan tí a ṣe fún àwọn ìkókó tí ń hu eyín di májèlé ní Nàìjíríà, nítorí pé kẹ́míkà olóró, diethylene glycol, wọ inú rẹ̀. Ọmọ tí ó lé ní 80 ni ó kú. Ọmọ tí ń jíwèé wò lónìí lè jẹ́ ẹni tí a óò ní kí ó yẹ oògùn wò lọ́la.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Láti ọdún 1954 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dá MSSN sílẹ̀ ní Èkó ni ó ti hàn pé ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lè gbé ara wọn ró. Kí àwọn alákòóso mọ́ṣáláṣí ó ya àyè sọ́tọ̀ láàárín ìrun Alásárì àti Mágàríbì, kí wọ́n pèsè pátákó àti iná, kí ọkùnrin wà lápá kan, kí obìnrin wà lápá kejì. Kí àwọn tí wọ́n ti wọ yunifásítì ó máa wá kọ́ àwọn àbúrò wọn. Kí òfin ibẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ èsì tí kò lè ṣàlàyé sínú ìwé rẹ̀.

Kí Allāh fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní. Āmīn.