Ìjà Ẹ̀ṣẹ́ àti Orí Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alágbàtọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó àti ní ìlú mìíràn, àwọn ọmọ kéékèèké, lọ́kùnrin lóbìnrin, ń fẹ́ kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́. Bí òbí bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì ni ó sábà máa ń ṣe: yálà kí ó mú pàṣán, kí ó sì wí pé òun kò bí jàǹdùkú, tàbí kí ó fa ọmọ náà lé olùkọ́ kan lọ́wọ́, kí ó sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ní tèmi, àṣìṣe ni méjèèjì.

Ìjà ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ jàǹdùkú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, Dick Tiger, ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò, na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà títí ẹni náà kò fi lè jáde fún abala kẹjọ, oyè àgbáyé sì dúró lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1964, Nojim Maiyegun gba àmì ẹ̀yẹ idẹ ní Tokyo, èyí tí í ṣe àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà. Ọmọ tí a bá kọ́ dáradára yóò mọ bí a ti í jí ní kùtùkùtù, bí a ti í pa òfin mọ́, àti bí a ti í kó ara ẹni níjàánu nígbà tí inú bá ń bí ni. Èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ọdún 11 kan tí mo mọ̀. Kò tí ì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ọmọ ọdún 15. Ẹ̀ṣẹ́ kan bà á lórí, ó ta gbọ̀ngbọ́n, ó ṣubú, ó sì tún dìde; gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó bì, ó ní orí ń fọ́ òun. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó ṣe bí ọkùnrin. Ní ọjọ́ kẹta a sì tún rí i nínú ìjà. Ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n fún oṣù púpọ̀ kò lè ka ojú ìwé kan tán kí orí má fọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ rò pé ọ̀lẹ ni, ó sì ń nà án. Ta ni ó jẹ̀bi? Gbogbo àwa àgbà tí a dúró tì í ni, àti èmi náà, nítorí mo wà níbẹ̀, mo sì pàtẹ́wọ́.

Ọpọlọ jẹ́ ohun rírọ̀ nínú agbárí, gẹ́gẹ́ bí inú ẹyin ti rí nínú èèpo rẹ̀. Bí a bá mi ẹyin jìgìjìgì, èèpo lè má sán, síbẹ̀ inú rẹ̀ yóò ti dàrú. Láti ọdún 1928 ni Dókítà Harrison Martland ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa àwọn tí ń ja ẹ̀ṣẹ́, tí lílù léraléra lórí sọ di ẹni tí ń rìn bí ẹni tí ó mutí yó. Akoto tí a ń dé sórí lè dá ọgbẹ́ dúró, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ọpọlọ má mì. Ọrùn ọmọdé kò sì tí ì le tó láti gba agbára ẹ̀ṣẹ́ dúró. Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà àti ti Kánádà jùmọ̀ wí pé àwọn kò fọwọ́ sí ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ọmọdé rárá.

Ọ̀rọ̀ tèmi kò le tó tiwọn. Èrò mi ni pé kí ọmọ kọ́ gbogbo ohun tí ń bẹ nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, àfi ohun kan: kí ẹnikẹ́ni má ṣe lù ú lórí, kí òun náà má sì lu orí ẹlòmíràn, títí yóò fi dàgbà tó láti mọ ewu tí ó yàn. Àwọn kan yóò wí pé, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni òwe náà ní kí a pẹ̀, kò ní kí a máa fi àáké lu gbòǹgbò. Àgbẹ̀ tí ń gbin kòkó pàápàá a máa fi í sí abẹ́ ìbòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí yóò fi lágbára. Anthony Joshua, tí a bí ní Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1989, tí ìdílé rẹ̀ sì ti Ṣágámù wá, ti pé ọmọ ọdún 18 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ní ọdún 2012 ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù. Pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́.

Báwo ni kí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀? Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ojú, àyà àti mímí rẹ̀ wò. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ni kí ó kọ́: bí a ti í dúró, bí a ti í sún síwájú àti sẹ́yìn láì fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀, àti okùn fífò. Lẹ́yìn èyí, kí ó kọ́ bí a ti í di ìkúùkù: àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà ní ìta, lórí àwọn ìka, nítorí ẹni tí ó bá dì í mọ́ inú lè dá a. Kí a fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé ọwọ́ àti ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì máa kan àpò rírọ̀, kì í ṣe àpò tí a fi iyanrìn dì. Bí ọmọ méjì bá dojú kọ ara wọn, kí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ orí àti ní ìwọ̀n, kí ọ̀kan sì máa wá ọ̀nà láti fọwọ́ kan èjìká èkejì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀kọ́ ojú àti ẹsẹ̀ ni èyí, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Kí omi mímu má ṣe wọ́n wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ebi pa ọmọ nítorí ìwọ̀n ara.

Bí orí rẹ̀ bá gba ẹ̀ṣẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí síbẹ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ wí pé kò sí ohun tí ó ṣe òun. Bí ó bá ń bì, bí orífífọ́ bá ń le sí i, bí oorun bá ń kùn ún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dàrú, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ọmọlójú kan bá tóbi ju èkejì lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán. Ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Kò gbọdọ̀ padà sí ìjà láìjẹ́ pé dókítà yọ̀ǹda, nítorí ẹ̀ṣẹ́ kejì tí ó bá ọpọlọ tí kò tí ì san lè pa ọmọ.

Nítorí náà, kí òbí lọ jókòó níbi ẹ̀kọ́ náà, kí ó sì bi olùkọ́ léèrè: Nígbà wo ni o ń jẹ́ kí àwọn ọmọ lu ara wọn lórí? Kí ni o ń ṣe bí ọmọ bá ní orí ń fọ́ òun? Bí ó bá fi ìbéèrè náà rẹ́rìn-ín, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà ní ọjọ́ kan, orí ọmọ kan sì wọ́ lójú mi. Kí ó má ṣe rí bẹ́ẹ̀ lójú yín.