Ibi Tí Àìsàn Oko Ti Pàdé Àìsàn Ìgboro

Bí arìnrìn-àjò bá gbéra láti Ring Road ní àárín gbùngbùn Ìbìní, ìlú ọba aládé ìlẹ̀kẹ̀, ìlú tí àwọn baba ńlá gbẹ́ yàrà yí ká, tí ó sì kọjú sí ọ̀nà Sakponba, kò ní rí ibì kan tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibí ni ìgboro parí sí, ibí ni oko ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí nígbà tí yóò fi dé Upper Sakponba, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti dúró ti ebè ẹ̀gẹ́, ẹni tí ń ta káàdì fóònù sì ti jókòó ti ẹni tí ń yan gàrí. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí wà.

Kì í ṣe irọ́ ni àwọn àgbà pa nígbà tí wọ́n pín àìsàn sí méjì bí ẹni pín ogún, tí wọ́n fi ibà, sòbìà àti àtọ̀sí ajá sílẹ̀ fún ará oko, tí wọ́n sì di ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lẹ́rù fún ará ìgboro tí í jókòó ṣiṣẹ́, tí í jókòó jẹun, tí í tún jókòó nínú ọkọ̀ relé. Ẹ wo sòbìà. Ní 1988, ó lé ní 650,000 ènìyàn tí a kà ní Nàìjíríà tí ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ará abúlé tí ń pọn omi tí ẹlòmíràn ti tẹsẹ̀ bọ̀. A máa ń wí pé kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Àṣé aṣọ asẹ́ ni olúgànbe gan-an, nítorí kò sí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ tí ó ṣẹ́gun rẹ̀, omi tí a sẹ́ àti omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi lé e lọ, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹ́rìí ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní 1997, olùwádìí Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn adúláwọ̀ tí orírun wọn jẹ́ ọ̀kan tí ibùgbé wọn sì yàtọ̀, Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀ àti Igbó-Ọrà ìlú ìbejì sì wà nínú àwọn ibi tí wọ́n dé: nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 16 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà ni; iyọ̀ inú oúnjẹ àti ọ̀rá ara ni ó ń lé sí i bí wọ́n ti ń jìnnà sí ọkọ́ àti àdá.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọjà, ìpín yìí kò sì dúró bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri kò fẹ́ràn gọ́tà dúdú tí ń rùn bí ọ̀pọ̀ wa ti rò. Omi mímọ́ tí oòrùn ń tàn sí, irú èyí tí òjò fi sílẹ̀ nínú ipa táyà àti láàrin ebè, ni ó ń yé sí. Ẹ̀fọn gọ́tà a máa kùn létí ẹni, a sì máa jẹni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìyá ibà. Irú omi mímọ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ lóko ju ìgboro lọ; ìdí nìyí tí ọmọ tí a tọ́ ní àárín ìlú, tí ara rẹ̀ kò tíì mọ ibà, fi máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja nígbà tí a bá fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà lóko lásìkò ìsinmi, tí àwọn ọmọ tí ibà ti bá jà láti kékeré sì ń sáré kiri lójúde. Mo ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti fi èyí nìkan pe arúgbó ní àjẹ́. Ní Upper Sakponba, gọ́tà wà, kòtò omi òjò wà, ẹ̀fọn méjèèjì ni ó sì nílé níbẹ̀.

Ibà Lásà wá ńkọ́? Abúlé kan ní Borno ni a ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, a sì ń pè é ní àìsàn ará oko títí dòní, bẹ́ẹ̀ Ìrùà ní Ẹdó àti Ọ̀wọ̀ ní Oǹdó ni orúkọ wọn ń jáde lọ́dọọdún bí ọyẹ́ bá ti dé. Èkúté tí ń gbé e ń wọlé, ó ń jáde lọ sóko, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ a sì máa ta sí oúnjẹ tí a kò dé. Gàrí tí a sá sí etí títì yóò wọ mọ́tò, yóò dé ọjà, ẹni tí kò mọ ojú ọ̀nà oko rí yóò sì da omi tútù sí i, yóò mu ún.

Níhìn-ín gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ibà a máa fọ́ni lórí. Ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ó bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá, nítorí olóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, a lè fọ́ni lórí. Ibà Lásà pẹ̀lú, bí ibà lásán ni í ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oko jíjìn, ẹni tí ó bá sọ pé ibà ni, àbá rẹ̀ a sábà máa bọ́ sí i. Ní àárín ìlú, dókítà a máa ronú kan ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ro oko láàárọ̀ ní ẹ̀yìn Upper Sakponba, tí ó jókòó ti àtẹ títí di alẹ́, tí ó sì fi magí àti iyọ̀ se núdù sùn, ta ni yóò fi ibùgbé rẹ̀ mọ àìsàn rẹ̀? Kẹ́míìsì yóò ta oògùn ibà fún un lẹ́ẹ̀kan, yóò tà á lẹ́ẹ̀kejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta apá kan ti rọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin alákòóso ìjọba ìbílẹ̀ Ikpoba-Okha, àti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tí ìlú ń jẹ oko wọn bí iná ọyẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilé ìwòsàn adúgbò jẹ́ ti abẹ́rẹ́ ọmọdé àti ìgbẹ̀bí nìkan. Ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kò wọ́n tó àga ìjókòó ọ̀gá kan. Ẹ̀jẹ̀ ìka díẹ̀ ni a fi ń yẹ ibà wò. Bí oògùn ibà kò bá sì ran ibà náà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí nọ́ọ̀sì mọ nọ́ńbà tí yóò pè, kí ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn Ìrùà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà Lásà, sì ní epo nínú.