Ẹ má fi ẹ̀bà du ẹni tó ń sáré

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, fídíò tó pọ̀ ni wọ́n ti ń sọ fáwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù pé kí wọ́n pa ẹ̀bà, ìrẹsì àti iṣu tì. N ò fara mọ́ ọn rárá.

2/ Ṣúgà lara máa ń sọ oúnjẹ afáralókun dà. Ó máa ń tọ́jú díẹ̀ sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀, glycogen nìyẹn. Òun lẹsẹ̀ ń ná tí eré bá le. Tó bá tán, ẹsẹ̀ á wúwo, ojú á máa ṣú.

3/ Eliud Kipchoge ará Kenya sáré kìlómítà 42 ní Vienna lọ́dún 2019, kò pé wákàtí méjì: 1:59:40. Kí ló ń jẹ nílé? Ugali wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò. Àgbàdo o, ẹ̀yin ará Àgbàdo!

4/ Jẹun ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ṣáájú eré. Tí eré bá ju wákàtí kan lọ dáadáa, gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ti tó; ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì lè ṣe é. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, dókítà ni kó bi o.

5/ Ẹni tó jókòó látàárọ̀ lè dín ẹ̀bà kù. Àmọ́ ọmọ tó fi ikùn òfìfo wọ pápá, tí kóòṣì ń pè ní ọ̀lẹ? Kì í ṣọ̀lẹ. Ebi ló ń pa á. Ẹ bu oúnjẹ fún un.