Ìjókòó Ọmọdé Nínú Bàálù Kì í Ṣe Ohun Àgbàtà

Bí ẹ bá ti wọ bàálù rí láti Ìkẹjà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí iléèwé wà ní ìsinmi, ẹ ó ti rí i. Wọn ò tíì tilẹ̀kùn, ìyá ìkókó kan ti dúró sójú ọ̀nà, ó gbé ọ̀kan pọ̀n, ó fa ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́, ó ń bẹ ọ̀gá kan: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi bọ́ sí síìtì mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún, kí n lè jókòó ti ọmọ mi.” Ọ̀gá ò fẹ́ dìde. Orúnkún ń dùn ún, owó ló sì fi ra ẹ̀bá ọ̀nà tó wà. Kí bàálù tó gbéra, ó ti dìkà lójú ìdajì èrò.

N ò rí ẹ̀bi ọ̀gá yẹn, n ò sì rí ti ìyá ọmọ. Ìyá àgbà ni mí, àwọn ọmọ máa ń ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn wẹ ọmọ lókè òkun, èmi àtàwọn ọmọ-ọmọ mi la sì jọ ń wọ bàálù. Àwọn tí mo ní í bá wí ni iléeṣẹ́ bàálù tó ń gbowó lọ́tọ̀ kó tó jẹ́ kí ọmọdé jókòó ti òbí rẹ̀. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́ta ló máa dá bẹ́líìtì dè ni? Àbí òun ló máa fi ìbòmú afẹ́fẹ́ bo ara rẹ̀ nímú bó bá já bọ́ látòkè?

Àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú nílùú ọba ti là á sílẹ̀ nínú ìlànà wọn: kí ọmọdé wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú àgbà tó mú un dání, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kó má ju ìlà kan lọ láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bí wọ́n bá ní kí èrò sáré jáde, abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ wà níwájú ò ní gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Yóò dojú kọ gbogbo èrò láti lọ mú ọmọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lóṣù kẹjọ ọdún 2024, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà gbé àbá jáde pé kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí nítorí pé ó fẹ́ jókòó ti ọmọ tí kò ju ọdún 13 lọ. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn tiwa náà dúró lé lórí.

Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, ọjọ́ tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti mú ìjókòó. Èwo wá ni kí ẹ mú?

Gbogbo èèyàn ló ń sáré sí iwájú pátápátá, ní ìdojúkọ ògiri, torí ibùsùn kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ ibẹ̀ fún ìkókó. Ó dára fún ọmọ jòjòló tí kò tíì wúwo. Ṣùgbọ́n inú apá ìjókòó ni wọ́n ń ká tábìlì oúnjẹ sí níbẹ̀, apá náà ò ṣeé gbé sókè, kí ọmọ tó ti ń rìn lè fi itan yín ṣe ìrọ̀rí. Àpò ìtẹ́dìí náà gbọ́dọ̀ lọ sókè nígbà tí bàálù bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń balẹ̀. Bí atẹ́gùn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbo bàálù, wọ́n á ní kí ẹ gbé ọmọ kúrò nínú ibùsùn. Ọmọ-ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lẹ́yìn igbe gígùn nígbà tí iná bẹ́líìtì tàn. Òṣìṣẹ́ bàálù dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ gbé bébì.” Mo gbé e. Ó lajú. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Tèmi ni pé kí ọmọ wà ní fèrèsé, kí àgbà wà lẹ́bàá ọ̀nà, torí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ tó ń gba ibẹ̀ kọjá gbé tíì gbígbóná, ó sì máa ń gbá ọwọ́ ọmọ tó bá yọ síta. Bí ẹ bá jẹ́ àgbà méjì pẹ̀lú ọmọ méjì, ẹ jókòó ní méjì-méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ọmọ tó wà lẹ́yìn á máa ta ìjókòó iwájú nípàá, kó kúkú jẹ́ ti ará ilé rẹ̀ ló ń ta.

Ẹ̀yin tí Ẹdùmàrè fi ìbejì jíǹkí, ẹ fetí sí èyí: ní ọ̀pọ̀ bàálù, ìbòmú kan ṣoṣo ló lé lórí iye ìjókòó tó so pọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí Táíwò àti Kẹ́hìndé tí wọ́n wà lórí itan wà ní ẹgbẹ́ kan náà. Ìyá á gba apá kan, bàbá á gba ìkejì.

Wọ́n gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 wà lórí itan, ó sì dín owó kù. Síbẹ̀, lọ́dún 1989, nígbà tí bàálù United 232 já ní Sioux City ní Amẹ́ríkà, Jan Brown, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù náà, ti sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n gbé ọmọ orí itan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìgbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kú. Látìgbà náà lobìnrin yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé kí àwọn ìkókó pàápàá ní ìjókòó tiwọn. Bí agbára bá gbé e, ẹ ra ìjókòó fún ọmọ yín, kí ẹ gbé àga rẹ̀ tí ẹ ń lò nínú mọ́tò dání. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n gba irú àga náà, fèrèsé ni wọ́n á sì ní kí ẹ gbé e sí.

Ọkọ ọmọ mi ní owó yẹn ti pọ̀ jù. Mo ní kó ta bàtà méjì nínú èyí tó tò sẹ́nu ọ̀nà.